Rédíò Tí Ń Gba Èsì

Kíkà: Sámúẹ́lì Kìíní 3:1–10, Jákọ́bù 1:19

Àlùfáà wa ni ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìṣítí ti ọ̀sẹ̀ yìí. Èmi kì í ṣe oníwàásù. Iṣẹ́ mi nínú ìjọ yìí ni kí n kọ ìwé ìpàdé, kí n ka owó ọrẹ, kí n sì kéde ìgbéyàwó. Nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá dà bí ìwé ìpàdé létí yín, ẹ bá mi fi ara dà á.

Àwọn baba wa kì í fi orúkọ ṣeré. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò sí inú ilé ní Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé wá fún ẹni tí ó bá lè san owó rẹ̀. Àpótí náà a máa sọ̀rọ̀, a máa kọrin. Bí ènìyàn bá kí i, kò ní jẹ́. Bí ènìyàn bá ní irọ́ ni ó ń pa, kò ní bínú. Bí a bá ń sunkún òkú nínú ilé, kò ní dákẹ́. Àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà mọ́ gbogbo rédíò lára títí di òní.

Ṣùgbọ́n rédíò mìíràn wà tí orúkọ yìí kò bá mu rárá, nítorí pé èsì gan-an ni ó ń wá. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Kàdúná, tí ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, n ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá ti gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá rí yóò ti rí wáyà gígùn kan tí a ta láti orí òpó irin dé ara igi máńgòrò. Àwọn ọmọdé àdúgbò ní okùn ìsáṣọ ni. Àwọn àgbàlagbà kan tí kò rí iṣẹ́ ṣe ní olè ni ó fi ń mú. Rédíò ni. Bàbá yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ayé ń pè ní ham, àwọn tí wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ jákèjádò ayé, láìgba kọ́bọ̀, láìtajà, nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà nìkan.

Olúkúlùkù wọn ni ó ní orúkọ ìpè tí ń fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ hàn, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ti ń fi ìlú ẹni hàn láyé àtijọ́. Ti Nàìjíríà ni 5N. Kí a tó gba òmìnira, ZD2 ni tiwa. ZD7 ni ti erékùṣù St Helena, ZD8 ni ti Ascension, ZD9 ni ti Tristan da Cunha. Àwa ti yí tiwa padà, ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù mẹ́ta náà ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn àtijọ́ láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Nígbà tí Bàbá fi èyí hàn mí, ó yà mí lẹ́nu pé àwa àti àwọn tí ó jìnnà sí ènìyàn jù lọ láyé ni a jọ ń jẹ́ orúkọ bí ọmọ baba kan náà nígbà kan rí.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni ohùn ṣe ń kọjá òkun láìsí wáyà? Ní oṣù Kejìlá 1901, Marconi gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Newfoundland, ó sì sọ pé òun gbọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, S, tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ láti Poldhu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú. Ayé rí roboto, ìgbì rédíò a sì máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ó ti fò lọ sí ojú sánmà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé, lókè lọ́hùn-ún, oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ibẹ̀ di ohun tí ń dá ìgbì rédíò padà sí ilẹ̀, bí ògiri ti ń dá bọ́ọ̀lù padà. Edward Appleton ni ó fi ìdánwò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1924, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1947. Ohùn a lọ sókè, a bọ̀ sílẹ̀ sórí òkun, òkun a tún jù ú sókè, títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í ṣí nígbà gbogbo. Ó ń ṣí, ó ń tì, pẹ̀lú ọ̀sán àti òru, pẹ̀lú àsìkò, àti pẹ̀lú àbàwọ́n ojú oòrùn tí ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù láàárín nǹkan bí ọdún 11. Kò sí owó tí a lè fi bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní 1912, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó lé àwọn ham sí orí ìgbì kúkúrú, láti 200 mítà sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀ràn ìgbà náà gbà pé ìgbì bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni wọ́n pín fún wọn. Àwọn ènìyàn náà mú un bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ń dán an wò ní òru lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Ní oṣù Kọkànlá 1923, Fred Schnell láti Amẹ́ríkà bá Léon Deloy sọ̀rọ̀ ní Nice ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀rọ̀ lọ, èsì bọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 1924, Frank Bell, àgbẹ̀ tí ń sin àgùntàn ní New Zealand, bá Cecil Goyder, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, sọ̀rọ̀, láti òpin ayé kan dé èkejì. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ní kò wúlò náà ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ka Sáàmù 118 nígbà tí ẹ bá délé, kí ẹ wá òkúta tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní yàrá Bàbá, ara ògiri kún fún káàdì. Bí ham méjì bá ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn a fi káàdì ránṣẹ́ sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Èyí tí Bàbá kọ́kọ́ nawọ́ sí ni ti Tristan da Cunha. Àwọn tí ń gbé erékùṣù náà kò tó 300. Ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé tí ó súnmọ́ wọn jù ni St Helena, tí ó tó nǹkan bí 2,400 kìlómítà. Kò sí pápá ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀ títí di òní. Ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town, tí ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ni ó ń gbé lẹ́tà lọ, tí ó ń gbé lẹ́tà bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1961, òkè ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú iná ní ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ìrìn-àjò, ẹ gbọ́ eléyìí: wọ́n fún wọn ní ilé, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n wà, iná mànàmáná wà, síbẹ̀ nígbà tí òkè náà rọlẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn padà sílé ní 1963. Ìlú ẹni kì í burú títí. Mo bi Bàbá pé ọ̀rọ̀ kí ni ó bá wọn sọ. Ó ní, “Mo sọ orúkọ mi. Wọ́n sọ tiwọn. Mo ní mo gbọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ní àwọn náà gbọ́ mi.” Kò ju ìyẹn lọ. Ó ní oṣù mélòó kan kọjá kí káàdì náà tó dé, òun kò sì sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa lè rẹ́rìn-ín. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn, WhatsApp wà, kí ni ìtumọ̀ làálàá yìí? Ẹ mú sùúrù fún mi. Fóònù yín ń gba orí òpó ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn kọjá, ẹ sì ń san owó rẹ̀. Ibi tí kò sí òpó, kò sí ọ̀rọ̀. Ohùn ti Bàbá, láàárín òun àti ẹni tí ó ń pè, kò sí ohun kankan bí kò ṣe sánmà Ọlọ́run. Agbára rédíò rẹ̀ kò sì ju 100 wáàtì lọ, iye tí gílóòbù àtijọ́ kan ń jẹ.

Ní oṣù Kejì 2023, Bàbá ránṣẹ́ pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní àwọn ènìyàn ti gúnlẹ̀ sí Bouvet.

N kò gbọ́ orúkọ náà rí. Erékùṣù kan ni, ní ìsàlẹ̀ pátápátá òkun Àtìláńtíìkì, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Norway. Ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Yìnyín bo èyí tí ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Cape Town tó nǹkan bí 2,500 kìlómítà, bí ẹni rin ọ̀nà Kàdúná sí Èkó ní ẹ̀ẹ̀mẹta, omi ni gbogbo rẹ̀. Ará Faransé kan, Bouvet, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1739, ṣùgbọ́n kò kọ ibi tí ó wà sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Captain Cook fúnra rẹ̀ wá a lẹ́yìn náà, kò rí i. Ọdún 1808 ni wọ́n tó tún fojú kàn án. Àwọn akọ̀wé bí tèmi, ẹ jẹ́ kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa.

Ẹgbẹ́ àwọn ham ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ARRL, ní ìwé kan tí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè àti erékùṣù 340 sí. Ẹni tí ó bá bá 100 nínú wọn sọ̀rọ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan ti fi ogójì ọdún wá gbogbo rẹ̀, tí ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹyọ kan náà sì jẹ́ Bouvet, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn níbẹ̀ àfi bí àwọn kan bá gbé ẹ̀mí wọn wewu lọ sí ibẹ̀. Ní 2018, ọkọ̀ kan kó àwọn ham dé iwájú rẹ̀. Wọ́n rí i lójú wọn. Ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí hẹlikọ́pítà fò, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà, ọ̀gá ọkọ̀ sì ní kí wọ́n padà. Gbogbo ìnáwó, gbogbo ìmúra, wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Mósè lórí òkè Nébò yóò mọ bí ó ti rí.

Àwọn ti 2023 wọ ọkọ̀ kékeré láti Port Stanley ní erékùṣù Falkland. Ìgbì òkun ibẹ̀ le débi pé ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fi ń kó ènìyàn kò lè dé etí ilẹ̀. Wọ́n ní láti wọ aṣọ tí omi tútù kò lè gbà kọjá, kí wọ́n bọ́ sínú omi, kí wọ́n sì di okùn mú dé èbúté. Ọ̀pọ̀ ẹrù tí wọ́n ti pèsè ni wọn kò lè gbé gúnlẹ̀. Wọ́n pàgọ́ sínú afẹ́fẹ́ àti yìnyín, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ayé. Orúkọ ìpè wọn ni 3Y0J.

Mo dé yàrá Bàbá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ṣí ẹnu láti kí i. Ó gbé ìka sí ètè. Ó ní, “Akọ̀wé, jókòó. Gbọ́ ná.”

Mo gbọ́ ariwo afẹ́fẹ́ nìkan. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ ariwo náà, ohùn kan wà, tín-ín-rín, bí ti ẹni tí ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Ọkùnrin kan ni, ó ń sọ orúkọ ìpè náà, ó sì ń sọ pé “up”, ìyẹn ni pé òun ń gbọ́ ní òkè díẹ̀ sí ibi tí òun ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí gbogbo ayé bá ń pe ẹni náà ní ojú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, wọn yóò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ó dá lóhùn. Nítorí náà ó ya ibi tí òun ti ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ó sì ya ibi tí òun ti ń gbọ́ sọ́tọ̀. Bàbá sún rédíò sókè díẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń gbọ́.

Ẹ̀yin ará, ariwo tí ó jáde níbẹ̀, àfi bí ọjà tí iná ń jó. Àwọn ará Jámánì, ará Ítálì, ará Rọ́ṣíà, ará Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ń ké orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan kò gbọ́ ẹnì kejì. Ó dà bí òjò ọ̀wàrà lórí páànù. Mo wò ó pé ọkùnrin kan wà nínú àgọ́ lórí yìnyín, tí ó bo etí rẹ̀ pẹ̀lú irú ariwo yìí, tí ó ń fa orúkọ yọ nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ó bá gbọ́ ìdajì orúkọ kan, yóò sọ ọ́. Ó ní, “Delta Lima.” Ará Jámánì nìyẹn. Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ kí ẹni tí ó ní Delta Lima nínú orúkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn kò dákẹ́. Ẹni tí kò ní Delta, tí kò ní Lima, ń ké orúkọ tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà tún pè é. Wọ́n tún bò ó. Ó di ìgbà kẹrin kí ó tó rí ẹni náà gbà, gbogbo rẹ̀ kò sì yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Epo jẹnẹrétọ̀ ń jó. Ojú ọjọ́ lè yí padà nígbàkúùgbà kí wọ́n ní kí gbogbo wọn sá padà sínú ọkọ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ariwo jẹ, ẹnì kan níbì kan láyé ni ó jẹ ẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí Bàbá dá rédíò padà sí ibi tí ohùn erékùṣù náà wà, a bá àwọn kan tí kò mọ̀ pé “lókè” ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń pè lórí ohùn ọkùnrin náà gan-an. Àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn, “Lókè! Lókè! Dìndìnrìn, lókè!” Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ó ṣe àṣìṣe náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni mẹ́wàá tí ń bá a wí ni kò jẹ́ kí á gbọ́ nǹkan kan mọ́. (Mo kọ èyí sílẹ̀ fún ìlò ìgbìmọ̀ wa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara wọn.) Ó sì tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé àwọn kan wà tí wọn kò pe ẹnikẹ́ni, tí wọ́n kàn jókòó sílé wọn tí wọ́n ń da ariwo lé ohùn náà lórí kí ẹlòmíràn má baà rí i gbà. Mo bi Bàbá pé èrè wo ni ó wà níbẹ̀. Ó ní òun ti bi ara òun bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ó ju wákàtí kan lọ tí Bàbá kò fọwọ́ kan máìkì. Ó di pẹ́ńsù mú, ó ń kọ ibi tí ọkùnrin náà ti gbọ́ ẹni tí ó kẹ́yìn, bóyá ó ń sún sókè tàbí ó ń sún sílẹ̀. Nígbà tí ó yé e, ó sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì dákẹ́. Ó gbọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n dá lóhùn. Ó dúró títí ẹni náà fi parí, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, “Bàbá, ẹ kò ṣe ké sókè?” Ó ní, “Bí mo bá ké mọ́ máìkì, ńṣe ni ọ̀rọ̀ yóò fọ́. Kò ní jìnnà ju bí ó ti ń jìnnà lọ.” Lẹ́yìn náà ni ó fi bọ́tìnnì tí ó wà lára máìkì hàn mí. Ó ní, “Wò ó, Akọ̀wé. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá tẹ èyí mọ́lẹ̀, etí rédíò ti di. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń pe orúkọ mi lákòókò náà, n kò ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń gbọ́ yìí, bóyá wọ́n ti dá wọn lóhùn. Wọn kò jọ̀wọ́ bọ́tìnnì kí wọ́n gbọ́.”

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi kọ ìwé yìí.

Wọn kò dá Bàbá lóhùn ní òru náà. Nígbà tí ó kọjá aago kan, ọ̀nà sánmà bẹ̀rẹ̀ sí í tì, ohùn náà ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, títí tí ó fi ku ariwo afẹ́fẹ́ nìkan. Bàbá pa rédíò. Mo bi í bóyá kò dùn ún. Ó ní, “Ó dùn mí. Mo ti lé àádọ́rin ọdún. N kò mọ̀ bí n ó tún gbọ́ ibẹ̀ láyé mi.” Ó ń ká wáyà etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ṣé o gbọ́ ará Bràsíìlì yẹn nígbà tí wọ́n dá a lóhùn? Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.” Inú rẹ̀ dùn sí i, mo rí i lójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà kó àgọ́ wọn kúrò ní Bouvet, wọ́n ti dá orúkọ ìpè lóhùn ní ìgbà tí ó ju 18,000 lọ. Ti Bàbá kò sí nínú rẹ̀. Káàdì tí ó fẹ́ fi sí ojú ibẹ̀ kò dé, àyè rẹ̀ ṣófo lára ògiri, kò sì fi òmíràn dí i.

N ó sọ ti ara mi báyìí. Ìyá mi wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pè é lórí fóònù, mo sì ti máa ń yangàn pé èmi kì í ṣe ọmọ tí ó gbàgbé ilé. Èyí ni bí mo ti ń pè é: “Màámi, ẹ kú ìrọ́jú, ṣé àlàáfíà ni, ṣé owó náà ti dé, ṣé ẹ ti ra oògùn, àwọn ọmọ ń kí yín, ó dàbọ̀.” Mo ń ka á bí ẹni ń ka ìkéde níwájú ìjọ. Ní ọdún Kérésì kan, mo délé, mo bá a tí ó ń fi ọwọ́ wá ìlẹ̀kùn. Ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Dókítà ní glaucoma ni, ohun tí ojú náà ti pàdánù kò lè padà, ṣùgbọ́n bí a bá ti tètè mú un wá, oògùn ìkán-sójú ì bá ti dá a dúró. Mo bínú sí àbúrò mi obìnrin pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Àbúrò mi wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi sọ fún yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jókòó tì wọ́n.”

Bọ́tìnnì ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ará. Gbogbo ọjọ́ Àìkú wọ̀nyẹn ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni mo jẹ́ fún ìyá tí ó bí mi.

Ẹ wá ka ìtàn Sámúẹ́lì tí a yàn fún òní. Ọmọdé kan sùn nínú tẹ́ḿpìlì, ohùn kan pè é, ó sì sáré tọ Élì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ohùn náà, kò mọ ibi tí ó ti ń wá. Ẹ kíyè sí bí Olúwa ti ṣe é. Kò ké mọ́ ọmọ náà. Ó pè, ó dúró. Ó tún pè, ó tún dúró, títí ọmọ náà fi mọ bí a ti ń dáhùn. Élì, tí a máa ń bá wí nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, òun ni ó kọ́ ọ: kí ó padà lọ dùbúlẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ń pè é mọ̀ pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ń fetí sílẹ̀. Ìwé náà sì sọ pé ojú Élì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì nígbà náà. N kò lè ka ẹsẹ náà mọ́ kí ìyá mi má wá sí mi lọ́kàn.

N kò sọ pé kí a má gbàdúrà sókè. Bátíméù ké, wọ́n ní kí ó dákẹ́, ó tún ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, Olúwa sì dúró nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa bi í léèrè ohun tí ó fẹ́, ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ké lọ ni, Olúwa ìbá ti bi í ní àbítì. Àwa ń kó àìní wa wá sínú ìsìn òru: ọjà tí kò tà, ìgbéga níbi iṣẹ́, ọmọ tí kò gbọ́ràn, ọ̀nà Èkó tí ó ń bani lẹ́rù. A kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, a ṣe àmín, a gbé àpò wa, a wá ọkọ̀ lọ sílé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó dúró bí Bàbá ti dúró pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ̀, kí ó mọ ibi tí Ẹni náà ti ń gbọ́.

Ó sì kan ìpàdé wa pẹ̀lú. Èmi ni mo ń kọ ìwé rẹ̀, mo mọ ohun tí mo ń wí. Ní ìpàdé ọdọọdún tí ó kọjá, nígbà tí a ń jiyàn lórí òrùlé tuntun, ènìyàn mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn sì ń ké pé kí wọ́n dákẹ́. Màmá àgbàlagbà kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún nà án. Nínú ìwé tí mo kọ, kò sí orúkọ Màmá náà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá wọn nílé láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́, wọ́n ti gbàgbé. Wọn kò gbàgbé. Mo mọ̀ pé wọn kò gbàgbé.

Àlùfáà ti gbà pé láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, a ó jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó kọ orin ìparí. Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù pa fóònù rẹ̀. Bàbá sì ní kí n fi kún un pé ọmọ ìjọ tí ó bá fẹ́ wá gbọ́ rédíò ní alẹ́ Sátidé lè wá, kìkì pé kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi bọ́ ohun etí òun sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo pe Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kí ìyá mi, mo bi í bí ara ti rí, mo sì dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìẹ ní àgbàlá. Mo ń gbọ́ bí ó ti ń mí. Ó pẹ́. Ó ní, “Àbí o ti lọ?”

Mo ní, “Mo wà ńbí, Màámi. Ẹ máa wí. Mò ń gbọ́.”